Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀-Ọlọ́run àti Ọ̀rọ̀ Ìlú: Bí Ìjọ Kristẹni Ṣe Ń Dá sí Ètò Ìjọba ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí ẹ̀kọ́ ìmọ̀-Ọlọ́run àwọn Kristẹni ṣe kan ọ̀rọ̀ ìlú àti ètò ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó yẹ ìtàn wò láti orí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, títí dé àríyànjiyàn tí ó wáyé lórí òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní ọdún 2020. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ohùn ìjọ máa ń rinlẹ̀ nígbà tí ó bá ń jà fún ire gbogbo ará ìlú, tí ó gbé ẹ̀rí kalẹ̀, tí ó sì sọ̀rọ̀ ní èdè tí Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe náà lè gbé yẹ̀ wò. Àpilẹ̀kọ náà fi ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùkọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ ní irú ìlú bí Òkákà kásẹ̀ nílẹ̀.

1. Ìfáàrà

Òkákà jẹ́ ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Inú ọ̀dàn Òkè-Ògùn ni ó wà, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Ìṣẹ́yìn, Òtu àti Ṣakí. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni òpómúléró ọrọ̀ ajé agbègbè náà. Bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, kò ṣòro ní Òkè-Ògùn láti rí agbo-ilé kan tí ẹ̀gbọ́n ti jẹ́ Alájì, tí àbúrò jẹ́ díákónì nínú Ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí bàbá àgbà sì ń bọ Ògún lọ́dọọdún. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, gbogbo wọn ni ó bàjẹ́ fún. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá ní olùkọ́, ọmọ gbogbo wọn ni yóò jókòó lásán.

Ìbéèrè tí ó jẹyọ ni èyí: nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìlú, kí ni ìjọ Kristẹni ní láti sọ, báwo ni ó sì ṣe yẹ kí ó sọ ọ́? Àwọn kan gbà pé kò yẹ kí ìjọ dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba rárá. Lójú wọn, ìdọ̀tí ni òṣèlú, iṣẹ́ ìjọ kò sì ju ìwàásù àti àdúrà lọ. Àwọn mìíràn gbà pé bí Kristẹni bá ti lè dé ipò àṣẹ, kí ó fi ipò náà gbe ìjọ rẹ̀ ni ó kù. Àpilẹ̀kọ yìí kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú èrò méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ fi ìlú sílẹ̀ fún ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Èkejì sì sọ ìjọ di ẹgbẹ́ òṣèlú kan láàrin àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù.

Ìdí méjì ni ọ̀rọ̀ yìí fi kan olùkọ́ èdè Yorùbá. Èkíní ni pé inú èdè Yorùbá ni ìjọ ilẹ̀ wa ti ń ronú nípa Ọlọ́run àti nípa ìlú, Òkè-Ògùn ni wọ́n sì ti bí ẹni tí ó ṣiwájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè náà. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni yóò kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ajíhìnrere dá sílẹ̀, tí ìjọba sì ń ṣàkóso. Nínú irú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ètò ìjọba kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kà nínú ìwé nìkan.

2. Ìtumọ̀ Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀-Ọlọ́run fún Ọ̀rọ̀ Ìlú

Ẹ̀kọ́ ìmọ̀-Ọlọ́run ni ìrònú tí ó létòlétò nípa ohun tí àwọn Kristẹni gbàgbọ́: ta ni Ọlọ́run, kí ni ó ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn, báwo ni ayé ṣe yẹ kí ó rí. Nígbà tí ìrònú yìí bá jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wá ń yẹ owó-orí, ilé-ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́, ilẹ̀, ẹ̀wọ̀n àti ìdìbò wò, a lè pè é ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀-Ọlọ́run fún ọ̀rọ̀ ìlú. Martin Marty, onímọ̀ ìtàn ẹ̀sìn ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó sọ orúkọ ẹ̀kọ́ yìí di mímọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1974. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ ju orúkọ lọ. Nínú Bíbélì, Nátánì wòlíì kojú ọba Dáfídì nítorí ìyàwó oníyàwó. Èlíjà bá Áhábù wí nítorí oko àjàrà Nábótì tí wọ́n fi ọ̀nà èrú gbà. Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì pé kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n bá ara wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú àwọn aláìgbàgbọ́ ni.

Àpẹẹrẹ Jeremáyà yìí ṣe pàtàkì. Kò sọ fún àwọn ìgbèkùn pé kí wọ́n gba ìjọba Bábílónì, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí wọ́n káwọ́ gbera. Ire ìlú tí wọ́n ń bá ẹlẹ́sìn mìíràn gbé ni ó ní kí wọ́n lépa, nítorí nínú ire ìlú náà ni ire tiwọn wà.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìwé kan tí ó la ọ̀rọ̀ yìí yé ènìyàn dáadáa ni èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ní Gúúsù Áfíríkà gbé jáde ní ọdún 1985, tí wọ́n ń pè ní Kairos Document. Wọ́n kọ ọ́ nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń fi ọwọ́ líle mú àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìwé náà pín ọ̀nà tí ìjọ ń gbà sọ̀rọ̀ sí mẹ́ta. Ọ̀kan ni èyí tí ń fi orúkọ Ọlọ́run ti ìjọba lẹ́yìn, tí ó sọ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù nípa ìtẹríba fún àwọn aláṣẹ di ẹgba lọ́wọ́ aninilára. Ìkejì ni èyí tí ń wàásù ìlàjà láìfọwọ́ kan ohun tí ó fa ìjà. Ìkẹta ni ti wòlíì, tí ń pe ìwà ìkà ní orúkọ rẹ̀ tí ó sì dúró ti ẹni tí wọ́n ń ni lára. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ayé ìjọba ológun Sani Abacha, láti 1993 sí 1998, nígbà tí ọ̀pọ̀ olórí ẹ̀sìn dákẹ́, Bíṣọ́ọ̀bù Bọ́láńlé Gbónígi ti Ìjọ Áńgílíkà ní Àkúrẹ́ wà lára àwọn tí ó sọ òtítọ́ jáde ní gbangba.

3. Èdè tí ó jẹ́ ti Gbogbo Wa

Kí a tó dé orí ìtàn, ó yẹ kí a wo èdè tí ìjọ Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀. Wo àwọn ọ̀rọ̀ bí àlùfáà, àdúrà, ìwàásù, wòlíì àti àlàáfíà. Inú Bíbélì àti ẹnu àwọn Kristẹni ni wọ́n wà lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn. Èdè Lárúbáwá ni orísun wọn. Nígbà tí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí ó ti jẹ́ kí ìwé Róòmù jáde ní 1850, wọn kò ta àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nù nítorí pé ẹlẹ́sìn mìíràn ni ó mú wọn wọlé. Wọ́n tún mú orúkọ Olódùmarè, Olúwa àti Ọlọ́run, tí àwọn baba wa ti ń pè kí ẹ̀sìn méjèèjì tó dé.

Ìtumọ̀ èyí ni pé ìjọ Yorùbá kò ní èdè ìkọ̀kọ̀ kan tí òun nìkan gbọ́. Bí oníwàásù bá dúró ní Òkákà tí ó ní òun ń wá àlàáfíà ìlú, ìmáàmù mọ ohun tí ó ń wí, babaláwo náà sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè bá a jiyàn, wọ́n sì lè gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èyí jẹ́ ohun-ìní ńlá fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀-Ọlọ́run fún ọ̀rọ̀ ìlú, nítorí kò sí bí a ṣe lè jíròrò ètò ìjọba pẹ̀lú ẹni tí kò gbọ́ èdè wa. Ó tún jẹ́ ẹrù. Ẹni tí ó ń sọ èdè gbogbo ìlú kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ òun kan àwọn ọmọ ìjọ òun nìkan.

4. Ọmọ Òṣoògùn níwájú Ọbabìnrin

Òṣoògùn wà ní agbègbè Ìṣẹ́yìn. Níbẹ̀ ni ogun ti kó Àjàyí ní ọdún 1821, nígbà tí ó wà ní ọmọdékùnrin. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní oṣù Kẹrin, 1822, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní 1825, wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní 1843, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Ní ọdún 1851, Crowther wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, ṣètò kí ó fojú kan àwọn aláṣẹ. Ó bá Lord Palmerston sọ̀rọ̀, ẹni tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó sì dé iwájú Ọbabìnrin Fikitóríà àti ọkọ rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Ohun tí ó bá wọn sọ ni òwò ẹrú tí ó ń lọ ní Èkó, àti ewu tí ó wà lórí Abẹ́òkúta. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni. Ojú rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n sí. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ni Ọlọ́run dá ni ó mú un dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé kalẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí tí ẹni tí kì í ṣe Kristẹni pàápàá lè gbọ́. Kì í sì í ṣe àwọn Kristẹni nìkan ni òwò ẹrú ń pa lára.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní òpin oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akítóyè padà. Akítóyè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852 láti fòpin sí òwò ẹrú. Nígbà tí yóò fi di 1861, Èkó ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. A kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ Crowther nìkan ni ó fa èyí, nítorí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní ojú sí òwò epo pupa náà. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá pe alágbára wá bá òun já okùn ọrùn kò lè pinnu ohun tí alágbára yóò fi okùn náà dè lọ́la. Ìjọ tí ń dá sí ọ̀rọ̀ ìlú gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí ó ń fẹ́, kí ó sì béèrè agbára ẹni tí yóò fi ṣe é.

5. Ẹrú Inú Ilé àti Ọtí Líle

Ó rọrùn láti dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà ní òkèèrè lẹ́bi. Ìjọ tí ó fi ohùn kan bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú orí òkun kò rí i sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹrú àti ìwọ̀fà tí ó wà nínú ilé àwọn ọmọ ìjọ. James Johnson, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ẹni mímọ́, ni CMS fi ṣe alábòójútó ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1870. Ó fẹ́ kí àwọn onígbàgbọ́ tú ẹrú wọn sílẹ̀. Àtakò tí ó dìde sí i wà lára ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ ní 1880. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó, láti 1886 sí 1894, ó sì sọ èrò rẹ̀ síta nígbà tí ìjọba kógun ja Ìjẹ̀bú ní 1892, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀bú ìgbà náà kì í gba àwọn ajíhìnrere láyè. Níbí, ìgbàgbọ́ kò bá ire ìjọ lọ. Ó dúró ti ohun tí ó rí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́.

Ọ̀rọ̀ ọtí líle yàtọ̀. Jíìnì àti àwọn ọtí líle mìíràn ń wọlé láti Yúróòpù lọ́pọ̀lọpọ̀, apá ńlá nínú owó ibodè tí ìjọba Gúúsù Nàìjíríà ń rí sì ń ti ibẹ̀ wá. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìjà. Wọ́n ní ọtí náà ń ba ènìyàn dúdú jẹ́, ìjọba sì ń jẹ nínú ìbàjẹ́ náà. Ìbéèrè tòótọ́ nípa ètò ìjọba ni èyí: ó ha tọ́ kí ìjọba fi ohun tí ń ba ará ìlú jẹ́ tọ́jú ara rẹ̀ bí? Ní 1909, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́ ẹ̀rí púpọ̀, ó sì parí rẹ̀ sí pé àwọn ajíhìnrere kò fi ẹ̀rí tó tó gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nípa bí ìpalára náà ṣe pọ̀ tó.

Àwọn kan lè sọ pé ìgbìmọ̀ náà gbè sẹ́yìn ìjọba tí ó rán an níṣẹ́. Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń jà fi àsọdùn mọ́ ọ̀rọ̀ wọn, àsọdùn náà ni ó sì fún alátakò láyè. Nígbà tí àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ní 1919 wá fòpin sí kíkó irú ọtí bẹ́ẹ̀ wọlé, ògógóró tí a ń pọn nílé gba ipò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ ìmọ̀-Ọlọ́run kò gba ipò ìwádìí. Ìgbàgbọ́ lè sọ fún ìjọ pé ara ènìyàn níyì. Kò lè sọ iye ènìyàn tí ọtí pa, tàbí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òfin bá dé. Dókítà, onímọ̀ ọrọ̀ ajé àti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò sọ ìyẹn.

6. Ta Ni Ó Ni Ilé-Ẹ̀kọ́?

Kò sí ibi tí ìjọ ti fọwọ́ kan ètò ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá tó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Kí ìjọba tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ jẹ́ iṣẹ́ òun, àwọn ìjọ ti ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1896, kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, 1955, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ fò láti nǹkan bí 457,000 sí iye tí ó ju 811,000 lọ. Ìjọba kò ní ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gba gbogbo wọn; púpọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ ti àwọn ìjọ. Àwọn kan nínú ìjọ bẹ̀rù pé agbára yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn rí i pé ọmọ tálákà tí kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ ni Ọlọ́run ń wò. Ẹ̀rí wà lára Emmanuel Àlàyándé, àlùfáà Áńgílíkà tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ibadan Grammar School, tí ó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó gbé ètò náà kalẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ ń jẹ́, èyí tí ó ti di yunifásítì báyìí.

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ tí kò tíì kúrò: ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ kọ́, tí ìjọba ń san owó olùkọ́ rẹ̀, tí ọmọ Mùsùlùmí àti ti Kristẹni sì jọ ń lọ, ti ta ni? Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, 2016, ilé-ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dájọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láàrin oṣù náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni kan wọ ẹ̀wù akọrin lọ sí Baptist High School ní Ìwó, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì wọ híjáàbù. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó rí àwòrán náà. Ní ọdún 2022, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá dájọ́ lórí ẹjọ́ Èkó, ó sì fún lílo híjáàbù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lẹ́sẹ̀.

Nínú àríyànjiyàn Ìwó, ohun tí ó gba iwájú lẹ́nu ìjọ ni pé àwọn ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ohun-ìní ni; kò tíì di ẹ̀kọ́ ìmọ̀-Ọlọ́run. Ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ ìmọ̀-Ọlọ́run yóò béèrè ni pé: kí ni ìdí tí àwọn ajíhìnrere fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́? Bí ó bá jẹ́ pé torí kí ọmọ gbogbo ìlú lè mọ̀wé ni, kí ni yóò ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ báyìí? Ní ọjọ́ tí ẹ̀wù akọrin àti híjáàbù gba àfiyèsí gbogbo ènìyàn, iye ọmọ tí ó wà nínú yàrá kan ṣoṣo àti àìtó olùkọ́ kò gba àfiyèsí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè yìí kan àwọn Mùsùlùmí àti ìjọba náà bí ó ti kan ìjọ.

7. Òfin Ilé-iṣẹ́ àti Ẹgbẹ́ ti Ọdún 2020

Ní oṣù Kẹjọ, 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CAMA. Abala 839 nínú rẹ̀ sọ bí wọ́n ṣe lè dá àwọn alágbàtọ́jú ohun-ìní ẹgbẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ dúró, kí wọ́n sì fi àwọn mìíràn rọ́pò wọn, bí ìwà àìtọ́ tàbí ìná-àpà bá wọ inú àkóso ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ Àwọn Kristẹni ní Nàìjíríà (CAN) kọ̀ ọ́. Bíṣọ́ọ̀bù David Oyèdépò sọ̀rọ̀ kíkan lórí rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ aṣáájú ìjọ, ìjọba fẹ́ gba ìjọ Ọlọ́run.

Ìbẹ̀rù náà ní ìpìlẹ̀, nítorí àṣẹ tí kò ní ìjánu léwu. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dárúkọ ìjọ nìkan. Mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ aláàánú àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ìlànà kan náà wà nínú rẹ̀. Bí ìjọ bá ti sọ pé, "Ẹ wo bí òfin yìí ṣe lè bá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín jà," ó ṣeé ṣe kí gbogbo ìlú dìde. Ọ̀rọ̀ kejì tún wà tí ọmọ ìjọ pàápàá lè béèrè: bí kì í bá ṣe ìjọba, ta ni yóò yẹ ìwé owó ìjọ wò? Ìjọ tí ń béèrè pé kí gómìnà ṣí ìwé owó ìlú kò lè ti ìwé tirẹ̀ mọ́ àpótí. Ẹni tí yóò bá ni wí, kí ó kọ́kọ́ wẹ ara rẹ̀ mọ́.

8. Ohun tí Ó Kan Òkè-Ògùn

Kí a wá fi àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí wo ọ̀rọ̀ méjì tí ó sún mọ́ Òkákà. Èkíní ni tábà. Láti ayé ìjọba òyìnbó ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìṣẹ́yìn àti Òkè-Ògùn ti ń gbin tábà fún ilé-iṣẹ́ sìgá. British American Tobacco ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá sí Ìbàdàn ní 2003, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe òfin lórí tábà ní 2015. Ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá ka sìgá mímu sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìwàásù ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan ni èyí, ó sì ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń gbin tábà bá jókòó nínú ìjọ, tí ó fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì dá ìdámẹ́wàá nínú rẹ̀, kí ni ìjọ ní láti sọ fún un? Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìmọ̀-Ọlọ́run fún ọ̀rọ̀ ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Yóò béèrè ẹni tí ń dá iye owó ewé tábà. Yóò béèrè ohun tí àgbẹ̀ lè gbìn dípò rẹ̀, àti ọ̀nà tí yóò gbé e dé ọjà. Yóò béèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí igi tí wọ́n ń gé láti fi yan ewé. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, imáàmù pàápàá yóò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn sí wọn.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran. Ní 2019, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin tí ó ka dída ẹran jẹko káàkiri léèwọ̀. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ darandaran ti jẹ́ Mùsùlùmí, ó rọrùn fún oníwàásù láti sọ ìjà oko di ìjà ẹ̀sìn. Ní Òkè-Ògùn, irọ́ ni irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́, nítorí Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ tí ẹran ń jẹ oko wọn. Òtítọ́ ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ìmọ̀-Ọlọ́run. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí Kristẹni yóò bèèrè ìdájọ́ òdodo fún ẹni tí oko rẹ̀ bàjẹ́ àti ààbò fún ẹ̀mí gbogbo ènìyàn. Kò sì ní fi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn kan ru orí ẹ̀yà kan tàbí ẹ̀sìn kan.

Àpẹẹrẹ iṣẹ́ tí ó lọ ní ọ̀nà yìí wà. Ìjọ Àgùdà ní àjọ tí ń rí sí ìdájọ́ òdodo, ìdàgbàsókè àti àlàáfíà, tí a mọ̀ sí JDPC. Àjọ yìí ń ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní agbẹjọ́rò, ó sì máa ń rán àwọn ènìyàn lọ ṣọ́ ìdìbò. Kò béèrè ẹ̀sìn ẹlẹ́wọ̀n kí ó tó wá agbẹjọ́rò fún un.

9. Iṣẹ́ Olùkọ́

Olùkọ́ tí ó wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe oníwàásù, owó ìjọba ni ó ń gbà, ọmọ gbogbo ẹ̀sìn ni ó sì wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè kọ́ àwọn ọmọ náà ní ohun mẹ́ta. Nínú iṣẹ́ èdè, ó lè tọ́ wọn sọ́nà láti tọpasẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ bí àlàáfíà àti àdúrà, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé àwọn ẹlẹ́sìn ilẹ̀ Yorùbá ti ń yá ara wọn lọ́rọ̀ tipẹ́. Nínú iṣẹ́ àròkọ aláríyànjiyàn, ó lè béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ èrò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìlú ní ọ̀nà tí ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn rẹ̀ yóò lè gbà tàbí kọ̀ pẹ̀lú ìdí. Nínú ìtàn, ó lè sọ ti Àjàyí ọmọ Òṣoògùn fún wọn ní àsọpé: bí ó ṣe sọ òtítọ́ níwájú ọba, àti ohun tí ọba fi òtítọ́ náà ṣe.

Bí olùkọ́ náà bá jẹ́ Kristẹni, ìdánwò ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìlú yóò bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé máàkì. Ọmọ Alájì àti ọmọ díákónì gbọ́dọ̀ rí òdodo kan náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

10. Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti ṣe àlàyé pé ẹ̀kọ́ ìmọ̀-Ọlọ́run àwọn Kristẹni kò lè yẹra fún ọ̀rọ̀ ìlú, nítorí inú ìlú ni àwọn onígbàgbọ́ ń gbé. Ìtàn Crowther fi hàn pé ẹ̀rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí lágbára, ó sì kìlọ̀ nípa agbára tí a bá yá lò. Ọ̀rọ̀ ẹrú inú ilé fi hàn pé ilé ẹni ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọtí kọ́ni pé ìtara kò rọ́pò ìwádìí. Àríyànjiyàn lórí ilé-ẹ̀kọ́ àti òfin 2020 fi hàn pé ohùn ìjọ máa ń há nígbà tí ó bá ń jà fún ohun-ìní rẹ̀ nìkan, ó sì lè gbòòrò bí ó bá rí ire aládùúgbò mọ́ tirẹ̀.

Ìwádìí pọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá lè ṣe lórí kókó yìí ní Òkè-Ògùn. Wọ́n lè gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ sílẹ̀ ní ìlú wọn, ẹni tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, àti ẹni tí ó ru bíríkì. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí i pé ọwọ́ tí ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà ju ti ẹlẹ́sìn kan lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.